Omi Tó Ń Dínkù Nínú Píkọ̀ọ́pù: Ibo Ló Ń Gbà Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹbí àgbẹ̀ sọ ní ibùdó wa, Rantya, Jos

  

A mọ̀ pé ó ya àwọn kan lẹ́nu nígbà tí wọ́n gbọ́ pé rédíétọ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwa tí ẹ mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, owó ilé ìwé àti ìjà ààlà oko, kí ló kàn wá kan ẹ̀rọ ọkọ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Píkọ̀ọ́pù tó ń kó kábéèjì lọ sí ọjà Farin Gada ní àfẹ̀mọ́júmọ́, òun náà ni a fi ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ní òru. Bí kò bá lè rìn, kì í ṣe pòtétò nìkan ni yóò bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà òjò tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ wa ń bọ̀ láti Lafia, ó kó iṣu, èèyàn márùn-ún sì jókòó sórí ẹrù. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Hawan Kibo, abẹ́rẹ́ géèjì ooru gòkè, oruku funfun bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Dírẹ́bà dúró, ó da kẹ́ẹ̀gì omi kìíní sí i, ó tán. Ó da ìkejì sí i, òun náà tán. Ẹ̀rọ kú síbẹ̀, ilẹ̀ sì ṣú. Gbogbo ẹni tó ti ń gbé Plateau láti ọdún 2001 ló mọ ìdí tí a kì í fi í fẹ́ kí alẹ́ bá ọkọ̀ wa lójú ọ̀nà. Àwọn ìyàwó àti ọmọ tó wà nílé kò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà. Òwúrọ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù kan tó fi okùn fà wọ́n wálé.

Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ló rí? Kílíìpù kan ṣoṣo tó ti tú lẹ́nu họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Owó kílíìpù yẹn kò ju owó àkàrà àárọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ooru ti wọ́ orí ẹ̀rọ, kò tẹ́jú mọ́. A ní láti gbé e lọ fún ẹni tó fi ẹ̀rọ fá a, a ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ọkọ̀ náà sì wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ní àkókò tí a ń wa pòtétò.

Ohun tó dùn wá jù ni pé dírẹ́bà mọ̀. Ó ti tó ogúnjọ́ tí omi ti ń dínkù, tó sì ń bu omi sí i láràárọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. A óò padà sórí ìdí tí kò fi sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ nǹkan kan dájú. Ọkọ̀ kì í mu omi bí màlúù. Epo bẹntiróòlù ni ẹ̀rọ ń jó tán, omi kò rí bẹ́ẹ̀. Omi inú ọkọ̀ kàn ń yí po ni. Ó kúrò nínú rédíétọ̀ níwájú, ó gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ lọ sínú pọ́ọ̀ǹpù, pọ́ọ̀ǹpù tì í yí gbogbo ibi tí iná ti ń jó nínú ẹ̀rọ ká, ó gba ooru ibẹ̀, ó gba họ́ọ̀sì òkè padà sínú rédíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ àti fáànù lè fẹ́ ẹ tutù. Kò sí ẹni tó ń bu nínú rẹ̀. Bí ike kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ bá lọ sókè díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ gbóná, tó sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó tutù, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gba kẹ́ẹ̀gì omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń jò. Kò sí àlàyé mìíràn. Ẹni tó ń bu omi sí i lójoojúmọ́ láìwá ojú ihò ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni.

Ilẹ̀ tí a wà yìí tún ní tirẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti dáná ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà kí ẹ tó wá síhìn-ín, ẹ ti kíyè sí i pé ẹ̀wà ń pẹ́ kí ó tó jinná ní Jos. Ẹ̀wà kọ́ ló ń ṣagídí. Jos ga ju òkun lọ ní bíi 1,200 mítà, afẹ́fẹ́ kò tẹ omi mọ́lẹ̀ tó bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní ìsàlẹ̀. Ní Èkó, omi ń hó ní ìwọ̀n ooru 100 digírì. Níhìn-ín, bíi 96 ló ti ń hó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún omi inú ọkọ̀. Ohun tó ń gbà wá ni ìdérí rédíétọ̀, nítorí ó ń sé ooru mọ́nú, omi ibẹ̀ sì lè gbóná kọjá 110 digírì láìhó. Ìgbà tí ihò kan bá wà níbì kan, bó tilẹ̀ ṣe bí ojú abẹ́rẹ́, a pàdánù lọ́nà méjì: omi ń lọ, agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́nú náà sì ń lọ. Omi tó ṣẹ́ kù á wá tètè hó. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó ń jò díẹ̀ fi lè máa rìn láàárín Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó má ṣe nǹkan kan, tó sì máa hó gùdù nígbà tó bá ń ti ìsàlẹ̀ gun òkè wa bọ̀ pẹ̀lú ẹrù.

Kí a tó sọ bí a ṣe ń wá a, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì gbóná. Omi tí a sé mọ́nú yẹn ti gbóná ju èyí tó ń hó nínú ìkòkò lọ, àyè ló ń wá, ojú ẹni tó bá ṣí i ló sì ń fò sí. Ẹ dúró ó kéré tán fún wákàtí kan. Ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè: bí ọwọ́ bá gbà á, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó sì rọ̀, ẹ mú aṣọ tó nípọn, ẹ gbé ojú kúrò, ẹ yí i díẹ̀ kí atẹ́gùn rẹ̀ jáde tán, kí ẹ tó yí i dópin. Bí omi gbígbóná bá jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Ó wá ku bí a ṣe ń wá ojú ihò. Ní alẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú títí dé abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ, ẹ wo páálí náà. Èyí tó bá kán sí iwájú pátápátá, ti rédíétọ̀ tàbí họ́ọ̀sì rẹ̀ ni. Èyí tó bá wà lábẹ́ fáànù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti pọ́ọ̀ǹpù. Omi ọkọ̀ lè ní àwọ̀ ewé tàbí pupa bí kúlántì bá wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ a dà bíi ti ohun dídùn. Bí ó bá jẹ́ omi lásán, ó lè pọ́n bí ìpẹtà. Èyí tó dúdú, tó sì ń rá mọ́ páálí, ọ́ìlì nìyẹn. Èyí tó bá sì kán sítòsí táyà, tó jọ òróró tín-ín-rín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti bíréèkì, ẹ má wa ọkọ̀ náà jáde rárá, ẹ pe mẹkáníìkì.

Bí páálí bá gbẹ, ẹ má tíì yọ̀. Àwọn ihò kan wà tí kì í jò àfi nígbà tí ẹ̀rọ bá gbóná, ooru ẹ̀rọ á sì gbẹ omi náà kí ó tó kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fi ipa sílẹ̀ bí ìgbín. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wá ojú ibi tí nǹkan funfun, àwọ̀ ewé tàbí ìpẹtà bá ti gbẹ mọ́ ara irin tàbí rọ́bà. Ọyẹ́ tí gbogbo wa ń ráhùn sí yìí ń ṣe wá lóore kan níbí: eruku rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù. Nínú ẹ̀rọ tí eruku bò dọ́gba, ibi tí eruku ti di ẹrẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Họ́ọ̀sì ló ń bàjẹ́ jù. Nígbà tó tutù, ẹ fi ọwọ́ fún un. Èyí tó dára á tẹ̀, á sì padà. Èyí tó ti gbó á gan, á là bí gìgísẹ̀ nínú ọyẹ́, tàbí kó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ọ́ìlì bá ti bà á jẹ́. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì lábẹ́ kílíìpù, ibẹ̀ ló ń là pamọ́ sí, ẹ má sì gbàgbé àwọn kéékèèké tó wà lẹ́yìn, tó ń gbé omi gbígbóná lọ sínú ilé ọkọ̀. Ní ti kílíìpù, ẹ fi sukuduráífà mú un le níwọ̀nba. Àwọn kan lára wa máa ń fi wáyà so họ́ọ̀sì dípò kílíìpù. Wáyà ń gé rọ́bà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbà adìyẹ.

Pọ́ọ̀ǹpù omi ní ihò kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ṣe é ló dá a sí i. Ìgbà tí rọ́bà inú rẹ̀ bá jẹ, ihò yẹn ni omi ń gbà jáde kí ó má baà wọ inú bọ́ọ̀lù bẹ́rìn-ìn. Ojú ìkìlọ̀ ni. A ti rí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù dí i, tó ní òun ti tún un ṣe. Ohun tó ṣe ni pé ó di ẹnu ẹni tó fẹ́ kìlọ̀ fún un. Bí omi bá ń kán níbẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù ti fẹ́ lọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ di abẹ́ fáànù mú, ẹ mì í: nínú ọkọ̀ bíi Peugeot 504, tí fáànù rẹ̀ wà lórí pọ́ọ̀ǹpù, kò gbọdọ̀ máa mì lọ mì bọ̀.

Rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, òkúta ojú ọ̀nà ń gún un, ẹrẹ̀ oko ń dí i. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí àwọn ojú rẹ̀ ti so pọ̀. Ẹ wo rọ́bà abẹ́ ìdérí pẹ̀lú, bó bá ti là, ẹ ra òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ẹ má ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù, á fọ́ họ́ọ̀sì yín. Bí ẹ bá sì wá gbogbo rẹ̀ tí ẹ kò rí i, àwọn mẹkáníìkì kan ní pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ tí wọ́n ń dé mọ́ ẹnu rédíétọ̀ nígbà tó tutù. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i dé ìwọ̀n tó wà lára ìdérí. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ihò wà, omi á sì máa tú síta lójú yín láìsí ewu ooru. Owó tí wọ́n bá gbà fún un tó bẹ́ẹ̀.

Ìjò kan wà tí ojú kò lè rí, èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, ìyẹn ni ti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá dà bí ẹ̀kọ mímu tí a bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Ẹ wo sàlẹ́ńsà: èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti gbóná dáadáa kò dára. (Ní àárọ̀ ọyẹ́ Jos, gbogbo ọkọ̀ ló ń rú oruku funfun fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyẹn kò tó fi sọkún.) Bí omi inú rédíétọ̀ bá ń yọ ìfófòó bí ọṣẹ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àmì kan náà ni. Ọkọ̀ tó bá ní èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má wà á mọ́. Orí ẹ̀rọ Peugeot 504, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò láti 1975, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, kì í fara da ooru àpọ̀jù. Ẹ fi òmíràn fà á lọ.

Ní ti àtúnṣe, àwọn kan wà tí a lè fọwọ́ ara wa ṣe. Bí ẹnu họ́ọ̀sì nìkan ló là, tó sì gùn tó, ẹ gbe omi sínú abọ́ tó mọ́, ẹ gé ibi tó là kúrò, ẹ fi sáńpépà ha ìpẹtà ẹnu irin náà kó dán, ẹ dá a padà pẹ̀lú kílíìpù tó dára. Bí àárín rẹ̀ ló là, ẹ ra tuntun. Rédíétọ̀ bàbà àtijọ́, àwọn tó ń fi òjé jó o lè dí i kó sì pẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ Hilux òde òní, alumíníọ̀mù àti ike ni, òjé kì í mú un. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi òjé jó ike fún yín, ẹ gba ọkọ̀ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ láìtíì dé e, kí atẹ́gùn tó há sínú jáde, ẹ bu èyí tó bá dínkù sí i, kí ẹ tó dé e. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ló tún hó nítorí pé wọn kò ṣe èyí.

A ti gbọ́ nípa ẹyin, a ti gbọ́ nípa gààrí àti ata gígún. Òótọ́ ni pé wọ́n lè dí ihò kékeré fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tí omi ń gbà nínú rédíétọ̀ tín-ín-rín gan-an, ohun tó dí ihò náà ló máa dí wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyọ tẹmosítáàtì dànù, tí àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn. Kò dí ihò kankan. Nínú òtútù Jos ńkọ́? Ẹ̀rọ kò ní tètè gbóná tó bó ṣe yẹ, á máa jẹ epo, á sì máa jẹ ara rẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ni kí ẹ dúró, kì í ṣe ìgbà tí oruku bá jáde. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ má da omi tútù sí ẹ̀rọ tó gbóná, irin lè là. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí a fà gan-an tí a sì wé mọ́ họ́ọ̀sì tó là, lè gbé yín dé ilé bí ẹ bá rọra wà á. Ẹ fi ọ̀kan sínú ọkọ̀.

Omi tí ẹ ń bù sí i ńkọ́? Ẹ dákun, kì í ṣe ti kòtò ìwakùsà. Ẹrẹ̀ rẹ̀ ń dí rédíétọ̀. Omi òjò tí a sẹ́ dáadáa sàn jù ú lọ, èyí tó sì dára jù ni kí ìlàjì jẹ́ kúlántì, ìlàjì omi tó mọ́. Òtútù ibí kì í mú omi inú ẹ̀rọ di yìnyín, ṣùgbọ́n kúlántì ń lé ìpẹtà, kì í sì jẹ́ kí omi tètè hó. Májèlé ni o, ó sì ń dùn lẹ́nu. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ọmọdé, ó lè pa ajá. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, ẹ má ṣe fi abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba. Bí ọmọ bá mu ún, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ike rẹ̀ dání.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ dírẹ́bà tó dákẹ́. Nígbà tí a bi í, ó ní, “Bí mo bá sọ, wọ́n á ní èmi ni mo bà á jẹ́, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó mi.” A kò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ìgbà mélòó ni a ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìpàdé níhìn-ín? Rọ́bà ń gbó, kílíìpù ń tú, kò sí ọwọ́ dírẹ́bà níbẹ̀. Bí a bá ń bu owó ìtanràn fún ẹni tó sọ, ohun tí a ń rà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló sì dé wa mọ́ Hawan Kibo.

A ti bá àwọn àgbà sọ ọ́, wọ́n sì fara mọ́ ọn. Ìwé kan yóò wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́bà á kọ ọjọ́ àti iye omi tó bù sí i. Bí ó bá bu omi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ náà kò ní kọjá Bukuru títí a óò fi rí ojú ihò. A óò máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹrù kọ̀ọ̀kan fún họ́ọ̀sì, kílíìpù àti bẹ́líìtì. Ẹni tó bá sọ kò ní san kọ́bọ̀.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀, a óò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ méjèèjì níwájú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ wọn láti alẹ́ Fúráìdè, ẹ má sì tan ẹ̀rọ kí a tó dé. Ẹ̀yin ìyá tó bá fẹ́ wá wò ó, ẹ wá, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.